Nígbà Tí Bíńgò àti Àbẹ̀kẹ́ Rẹ́

Òórùn orí ẹja ṣáwá ló kọ́kọ́ máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu géètì ilé wa ní Ìjagun nígbà yẹn. Ìyá ọkọ mi á ti gbé ìkòkò kékeré ka iná èédú lẹ́yìnkùlé, á da orí ẹja àti ẹ̀bà àná sí i, á sì bu iyọ̀ díẹ̀ sí i bí ẹni pé àlejò ló fẹ́ jẹ ẹ́. Oúnjẹ ajá àti ológbò ni o. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, tí ebi ń pa mí, màá bú wọn nínú ara mi pé àwọn ẹranko ilé yìí ń jẹun lásìkò ju èmi tí mo ń ra ẹja lọ. Títí di òní, bí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń se ẹja ṣáwá, inú mi á kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ni á wá bàjẹ́. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Màmá ni gbogbo wa ń pe ìyá ọkọ mi. Kò fẹ́ wá gbé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ayépé ló ń gbé, nínú ilé tí bàbá ọkọ mi fi sílẹ̀ fún un, ìlú náà ló sì ti fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ó ṣubú ní balùwẹ̀, itan ń dùn ún, ọkọ mi bá ní dandan ni kó máa bọ̀. Ó gbà, ó ní ṣùgbọ́n òun àti ológbò òun ni. Inú agbọ̀n ló gbé e sí, ó fi ìborùn bò ó lórí. Ológbò aláwọ̀ eérú tó ní ìlà dúdú lára ni, Àbẹ̀kẹ́ ló sì ń pè é. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Màmá, ṣé oríkì èèyàn kọ́ nìyẹn ni?" Ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó mi, ta ló ń bá mi gbélé ní Ayépé? Ẹni tó bá ń báni gbélé ló yẹ ká máa kì."

Ajá tiwa ń jẹ́ Bíńgò, bí ìdajì ajá ìlú yìí ṣe ń jẹ́ Bíńgò. Ajá ilẹ̀ wa lásán ni, pupa rúsúrúsú, etí rẹ̀ kan ti ya níbi ìjà. Olè tó bá mọ̀ ọ́n kì í gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Bó ṣe rí ohun tó yọrí nínú agbọ̀n báyìí, ó sáré bọ̀, ó na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sílẹ̀, ó gbé ìdí sókè, ó sì ń ju ìrù bí ẹni rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Àbẹ̀kẹ́ ká ẹ̀yìn kò, gbogbo irun ara rẹ̀ dìde, ó ń dún hàà lẹ́nu bí ejò. Bíńgò rò pé eré ni, ó tún sún mọ́ ọn. Ológbò gbé ọwọ́ sókè, ajá ṣì rò pé eré ni. Ìgbà tí èékánná wọ imú rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ yọ ló tó mọ̀. Igbe tó ké, àwọn ará ilé kejì gbọ́ ọ. Mo mú ìgbálẹ̀, ọkọ mi mú igi, Àbẹ̀kẹ́ ti wà lórí táǹkì omi.

Ọkọ mi ń pariwo pé, "Mo sọ ọ́! Níbo ni ajá àti ológbò ti ń gbé pọ̀?"

Màmá nìkan ni kò dìde lórí àga. Ó ní, "Ẹ sọ igi yẹn sílẹ̀. Wọn ò jà. Bíńgò ń kí i ni. Bí ajá bá ń ju ìrù, inú rẹ̀ ló ń dùn. Bí ológbò bá ń ju ìrù, inú ló ń bí i. Ohun tí èyí fi ń kíni, òun ni ìyẹn fi ń lérí." Mo bi í pé kí la máa wá ṣe. Ó ní, "A máa kọ́ wọn. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn ò yé ara wọn, ṣé mi ò kọ́ irú wọn rí ni?"

Mo fojú mi rí bó ṣe kọ́ wọn, ìdí nìyẹn tí mo fi lè sọ ọ́. Ó mú ìró àǹkárá rẹ̀ kan tó ti gbó, ó fà á ya sí méjì. Láàárọ̀, á fi ọ̀kan nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn Àbẹ̀kẹ́ dáadáa, á lọ tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ àpò tí Bíńgò ń sùn lé. Á fi èkejì nu ara Bíńgò, á gbé e sínú agbọ̀n ológbò. Ó ní imú ni ẹranko fi ń mọ ará ilé, kí wọ́n tó fojú rí ara wọn, kí imú wọn ti mọ ara wọn ná. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan oúnjẹ. Ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì kan wà lẹ́nu kíṣìnnì wa. Abọ́ ajá wà níta, abọ́ ológbò wà nínú, wọ́n jìnnà síra wọn. Bí wọ́n bá jẹun láìkùn, lọ́jọ́ kejì á sún àwọn abọ́ náà mọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀. Bí ọ̀kan bá kùn, á sún wọn padà sẹ́yìn, kò ní bínú, kò ní gbé pàṣán. Pẹ̀lú itan tó ń dùn ún, tó ń fi ọ̀pá rìn, ó ń bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ nítorí abọ́ méjì. Òjò bẹ̀rẹ̀, àgbàdo jáde, a jẹ àgbàdo títí ó fi sú wa, Màmá ṣì ń sún abọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò gbọ́ kí Bíńgò gbó. Mo yí sẹ́yìnkùlé. Bíńgò nà gbalaja lábẹ́ táǹkì, Àbẹ̀kẹ́ ká jọ síbi ikùn rẹ̀, ó ń fi ahọ́n la etí rẹ̀ tó ya yẹn. Bíńgò dijú. Màmá jókòó lórí àga rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tí ọmọ kíláàsì rẹ̀ gba ipò kìíní. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ebi.

Ìyá kan tó ń gbé ilé kejì yọjú lórí ògiri, ó rẹ́rìn-ín, ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ wá wò. Nígbà tó tún yọjú lọ́jọ́ mìíràn, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé, "Ìyàwó, ṣé ẹ ò rò pé ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ àdúrà? Ajá àti ológbò!" Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn pé ìjà tí a bá lójú ayé kì í bà wá lẹ́rù. Bí ajá bá lé ológbò gun orí igi, kò sẹ́ni tó máa yíjú wò ó. Kí wọ́n rẹ́ ló ń kó ìpayà báni, nítorí a ò mọ ẹni tó là wọ́n.

Àárín ìgbà yẹn ni ibi dé bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí mo ń pè ní Àǹtí. Òdogbolú ni ilé ọkọ rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ti ń wá ọmọ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ó ti lé lógójì ọdún kí èyí tó dúró. Oyún náà ti ń sọ nínú, a ti ń fi orúkọ ṣeré, ló bá bàjẹ́. Láti ilé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé e wá, kó lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Má ṣe rò pé mo fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Mo rí obìnrin yẹn lórí bẹ́ẹ̀dì, ọyàn rẹ̀ ń ṣàn, kò sì sí ẹni tó máa mu ún. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé kò sí ohun tí wọn ò lè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà gbọ́. Màmá ń gbé omi gbígbóná fún un, ó ń se ìkọ́kọrẹ́ fún un, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́. Nígbà mìíràn màá gbọ́ ẹkún Màmá nínú kíṣìnnì, tó ń fi ariwo àwo bò ó mọ́lẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má bàa gbọ́.

Wíńdò yàrá tí Àǹtí wà kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ló dùbúlẹ̀ sí láàárọ̀ láàárọ̀, tó ń wo ìyá rẹ̀ tó ń fi àkísà nu ológbò lára, tó ń pe Àbẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, tó wá lọ ki àkísà náà bọ abẹ́ ibùsùn ajá. Kò bi ìyá rẹ̀ ní nǹkan kan. Bí ó bá bi í ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ilé àdúrà tó ń lọ ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa ohun tí wòlíì ibẹ̀ sọ: pé ajá kì í dédé pa ẹnu mọ́ fún ológbò, ẹnì kan ló dì í lẹ́nu, ẹni tó bá sì lè di ajá lẹ́nu lè di ilé ọmọ. Ó ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ọ̀sán Sátidé ni. Àǹtí pe gbogbo wa sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti da ibùsùn Bíńgò síta, ó fi igi gbé àkísà náà sókè, irun ológbò kún un. Ó ní, "Kí lèyí, Màmá? Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

Mi ò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ síwájú. Mo sọ ohun tí àkísà náà wà fún, mo sọ ti abọ́, mo sọ ti ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì, mo fi ojú ara mi búra. Àǹtí ò tilẹ̀ wò mí. Ìyàwó ilé, kí ni mo mọ̀? Ọkọ mi ló bi ìyá rẹ̀ léèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an: "Màmá, ta ló kọ́ yín ní nǹkan yìí?"

Màmá dáhùn bí èèyàn ṣe ń dáhùn ìbéèrè lásán. "Ìyá mi ni. Ó ní ajá tó fi ń ṣọ́ oko, ó ní ológbò tó fi ń lé eku nínú àká."

Àǹtí figbe ta. "Ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀! Àtọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá!"

Ìgbà yẹn ni mo rí i tí ojú Màmá yí padà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé kì í ṣe ìbéèrè ni wọ́n ń bi òun, ẹjọ́ ni wọ́n ń dá. Àǹtí gbé Bíbélì síwájú rẹ̀, Bíbélì Màmá fúnra rẹ̀ tí ó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kó gbé ọwọ́ lé e kó búra pé ọwọ́ òun mọ́ nínú ikú ọmọ Àǹtí. Màmá wo Bíbélì náà, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tí mo bí, ìwọ ni màá búra fún pé mi ò pa ọmọ rẹ?" Ó wá yíjú sí ọkọ mi. "Ìwọ ńkọ́?"

Ọkọ mi ò gbé orí sókè. Ó ní, "Màmá, ẹ kàn búra, kí ọ̀rọ̀ yìí lè tán."

Màmá ní, "Ó ti tán." Ó wá ọ̀pá rẹ̀, ó wọlé lọ.

O mọ̀ bí a ṣe jẹ́. Ẹni tí kò bá búra, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Ọkùnrin méjì tó wá láti ilé àdúrà ti wà lẹ́nu géètì pẹ̀lú àpò. Àbẹ̀kẹ́ wà lábẹ́ táǹkì. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nìyí: ológbò yẹn ì bá sá. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, bí ewé bá já bọ́, ó ti wà lórí ògiri. Ṣùgbọ́n gbogbo oṣù wọ̀nyẹn ti kọ́ ọ pé ohun tó bá sáré bọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé yìí, eré ló wá bá òun ṣe. Ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Wọ́n gbé e sọ sápò wẹ́rẹ́. Bíńgò ló jà. Bíńgò tí wọ́n ní wọ́n ti dì lẹ́nu, ó gbó títí ohùn rẹ̀ há, ó ya ọ̀kan nínú wọn ní ṣòkòtò, ó gé e jẹ ní ẹsẹ̀, igi ni wọ́n fi lù ú kúrò. Mo kígbe mọ́ wọn, mo di àpò mú, ọkọ mi ló fà mí sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n gbé e lọ, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi gbé ìyá rẹ̀ padà sí Ayépé. Mo jókòó lẹ́yìn mọ́tò, mo ń wo ẹ̀yìn orí àwọn méjèèjì tó jọra wọn pátápátá. Agbọ̀n òfìfo wà lẹ́sẹ̀ mi, nítorí Màmá kọ̀ láti fi í sílẹ̀.

Bíńgò wá Àbẹ̀kẹ́ títí. Ó ń gbóòórùn ìdí táǹkì, ẹnu ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì, ibi tí abọ́ máa ń wà. Lẹ́yìn náà, bí ológbò aládùúgbò kan bá gba orí ògiri kọjá, á dìde, á máa ju ìrù, á gbé ìdí sókè. Ológbò á wú irun, á sá. Bíńgò á dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á máa wo orí ògiri.

Èmi ni mo ń lọ wo Màmá. Ọkọ mi ń fi nǹkan rán mi sí i, ojú rẹ̀ ni kò lè gbé lọ. Àǹtí kò dé ibẹ̀ mọ́. Ìbéèrè kan náà ni Màmá máa ń kọ́kọ́ bi mí, kí n tó jókòó: "Ara Àǹtí rẹ ńkọ́? Ṣé ó ń jẹun?" Mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa rí. Nígbà kan mo bínú, mo ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò kúkú búra lọ́jọ́ yẹn?" Ó rọra ní, "Bí mo bá búra, ẹ máa gbà mí gbọ́ nítorí ìbúra. Èmi fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ nítorí pé èmi ni." Lẹ́yìn náà ló ní kí n jẹ́ ká gbàdúrà, ẹni tó pè é ní àjẹ́ gan-an ló sì ń bá tọrọ ọmọ. Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, itan yẹn dá a dùbúlẹ̀, àyà rẹ̀ sì ń dùn ún, kò dìde mọ́. A sin ín sí Ayépé. Àǹtí wá, ó dúró lókèèrè, ó fi gèlè bo ẹnu.

Kò pé ọdún tí Àǹtí fi bímọ. Obìnrin ni, ó pupa, ó sanra. Ìwọ máa rò pé ìdùnnú ni ìtàn yìí máa fi parí. Èmi náà jó, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nílé àdúrà, ẹ̀rí ni wọ́n fi ọmọ náà jẹ́: ọ̀tá ti kú, ilé ọmọ ti ṣí. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Gbogbo àdúrà tí arúgbó yẹn gbà ní Ayépé, nígbà tí Ọlọ́run dáhùn, ìdáhùn náà ni wọ́n fi dá a lẹ́bi.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, wòlíì gbé ọmọ sókè, ó ní Ìṣẹ́gun ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ omi káàkiri, kí oníkálùkù sọ owó sí i kó sì pe orúkọ tirẹ̀. Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tí ọmọbìnrin tí a bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà ń jẹ́ nílẹ̀ wa. Kò sí ẹni tó pè é. Wọ́n ń pe Ìyanuolúwa, wọ́n ń pe Ayọ̀mídé, ojú gbogbo wọn wà nílẹ̀. Abọ́ dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ó sọ owó sí i láìpe orúkọ kankan. Ó gbé abọ́ náà fún mi, mo rí i pé omijé ti kún ojú rẹ̀.

Mo sọ owó tèmi sí i. Mo ní, "Yétúndé." Mo pè é dáadáa kí ẹni tó wà lẹ́nu géètì lè gbọ́.

Wòlíì wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ orin. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé orúkọ ẹni tó ti kú kò lè gbèjà ara rẹ̀, ẹni tó bá kù ló máa gbé e, bí kò tilẹ̀ rọrùn fún un nínú ẹbí ọkọ. Ọmọ náà ti ń lọ ilé ìwé báyìí. Gbogbo ayé ń pè é ní Ìṣẹ́gun, èmi nìkan ni mò ń pè é ní Yétúndé, níwájú ìyá rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, ó sì máa ń sáré wá jẹ́ mi. Àǹtí á yíjú síbòmíràn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn wá, kò tíì sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan rí pé kí n má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.